Mo-ti-mọ̀ àti Lọ́yà Ilé-iṣẹ́ Búrẹ́dì

Ẹ̀yin tí ẹ ń bá ọmọ ìyá yín ṣòwò, ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn yìí dé òpin. Ẹ má fò ó. Ibi tó dùn kọ́ ni ẹ̀kọ́ wà.

1.

Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni wọ́n. Nígbà tí ìyá wọn kú, ẹ̀gbọ́n, tó jẹ́ obìnrin, fi ilé-ìwé sílẹ̀, ó dúró ti ààrò búrẹ́dì tí ìyá fi sílẹ̀, kí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin lè kàwé. Iná ààrò bó o lápá títí dé ìgúnpá. Àbúrò kàwé lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí èèyàn máa sọ fún un tí kò ní dáhùn pé, "Mo ti mọ̀." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Mo-ti-mọ̀.

Nígbà tí búrẹ́dì wọn ń tà wàràwàrà, wọ́n lọ sí ọ́fíìsì àwọn lọ́yà kan láti sọ ọ́ di ilé-iṣẹ́ lábẹ́ òfin. Ọ́fíìsì náà kò tóbi jù, kò sì kéré. Yàrá kan wà fún àwọn tó fẹ́ dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ tàbí tí wọ́n fẹ́ tà á. Yàrá kan wà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ilé, òmíràn fún ọ̀rọ̀ ọ̀gá àti òṣìṣẹ́. Èyí tó wà lókè pátápátá, tí àga rẹ̀ le bí òkúta, ni ti àwọn tó ń lọ sí kóòtù. Obìnrin kan tó máa ń so gíláàsì mọ́ ọrùn ni wọ́n fà wọ́n lé lọ́wọ́.

"Ẹ gbọ́ o," ni lọ́yà wí. "Láti òní lọ, ilé-iṣẹ́ yìí ti di èèyàn lọ́tọ̀. Òun ni mò ń ṣiṣẹ́ fún. Èmi kì í ṣe lọ́yà ẹ̀gbọ́n, èmi kì í sì í ṣe lọ́yà àbúrò."

"Mo ti mọ̀," ni àbúrò wí.

Lọ́yà bi wọ́n bí wọ́n ṣe fẹ́ pín in. Ẹ̀gbọ́n ní, "Ẹ jẹ́ kí tiẹ̀ pọ̀ ju tèmi lọ dáadáa. Òun ló mọ̀wé. Àbí àbúrò mi á wá tà mí ni?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ rántí ẹ̀rín yẹn.

2.

Owó dé, ojú àbúrò yí padà. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ń rùn fún èéfín, pé ó ń dójú ti òun níwájú àwọn oníbàárà ńláńlá. Torí pé ìpín tirẹ̀ ló pọ̀ jù, ohun tó bá wí ni abẹ gé. Yàrá ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ ní ọ́fíìsì lọ́yà kọ̀wé pé kí ẹ̀gbọ́n kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Yàrá ilẹ̀ àti ilé kọ̀wé pé kó kó jáde nínú yàrá ẹ̀yìn ààrò, níbi tí ìyá wọn kú sí, torí wọ́n ti fi ilé náà sórúkọ ilé-iṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n sáré lọ bá lọ́yà. Àbúrò ti jókòó síbẹ̀.

"Lọ́yà mi, ẹ gbà mí. Ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀."

"Ẹ má bínú, mà. Lọ́yà ilé-iṣẹ́ ni mí. Ẹ wá lọ́yà tiyín."

Àbúrò bú sẹ́rìn-ín. Ó sín lọ́yà jẹ: "Ẹ wá lọ́yà tiyín! Ẹ̀gbọ́n mi, ṣó yé yín? Àbí kí n pò ó bí ìyẹ̀fun?"

"Èmi tí mo pọ̀n ọ́?"

"Ẹ ti sọ̀ mí kalẹ̀ tipẹ́."

Ẹ̀gbọ́n di ẹrù rẹ̀. Ó gba yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri, ó ń fọ aṣọ fún àwọn èèyàn. Apá tí iná ti bó, ọṣẹ tún ń bó o.

3.

Ojú Mo-ti-mọ̀ kò kúrò lára owó. Ó ta èyí tó pọ̀ jù nínú ìpín rẹ̀ fún ọkùnrin oníyẹ̀fun kan, tó fi jẹ́ pé oníyẹ̀fun ló wá ni ju ìdajì ilé-iṣẹ́ lọ. Òun fúnra rẹ̀ á máa ṣe alábòójútó.

Kó tó fọwọ́ sí ìwé, lọ́yà kìlọ̀ fún un: "Ọ̀gá, ẹ mú lọ́yà tiyín wá kó bá yín ka èyí. Ẹ mọ ẹni tí mò ń ṣiṣẹ́ fún."

"Mo ti mọ̀! Ta ló ń ra agbòjò méjì fún òjò kan?"

Ó fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ló wá tẹ̀ sí lọ́yà létí. "Lọ́yà wa, láàárín èmi àti ẹ̀yin ni o. Mo ti dá ilé búrẹ́dì mìíràn sílẹ̀ lórúkọ ìyàwó mi. Mo ti ń darí àwọn oníbàárà ńlá síbẹ̀. Ààrò tútù ni oníyẹ̀fun rà!"

Lọ́yà yọ gíláàsì rẹ̀. "Ọ̀rọ̀ tó kan ilé-iṣẹ́ lẹ sọ fún mi yìí. Mo máa sọ ọ́ fún ilé-iṣẹ́."

Mo-ti-mọ̀ rò pé àwàdà ni. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

4.

Lọ́yà sọ ọ́. Oníyẹ̀fun kò pariwo, ó kàn ní kí wọ́n ṣe bí òfin ṣe wí. Yàrá ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ lé Mo-ti-mọ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Yàrá ilẹ̀ àti ilé lé e kúrò nínú ilé tí ilé-iṣẹ́ fún un. Yàrá òkè gbé e lọ sí kóòtù, kóòtù gba owó tó rí lórí ìpín tó tà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ti ilé búrẹ́dì ìyàwó pa. Ìyàwó kó lọ.

Ó lọ dọ̀bálẹ̀ fún lọ́yà. "Ṣebí lọ́yà wa ni yín?"

"Lọ́yà ilé-iṣẹ́ ni mí, ọ̀gá. Ẹ wá lọ́yà tiyín."

Lọ́jọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Ibì kan ṣoṣo ló kù. Ó kan ilẹ̀kùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ṣí i, ọṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni."

Ó wò ó tòkè tilẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ọmọ yìí, kò fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀ rí.

"Ẹ káàsán, sà. Ta lẹ ń wá?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má ṣe mí báyìí. Ẹ pè mí ní ìwọ. Ẹ bú mi!"

"Ẹ má bínú, sà. Ẹ wá ẹ̀gbọ́n tiyín."

Ó ti ilẹ̀kùn, ó padà sídìí aṣọ tó ń fọ̀. Àwọn ará ilé ní ó kan ilẹ̀kùn náà títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìkìlọ̀ rèé. Lọ́jọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ jókòó níwájú lọ́yà, ẹ bi í pé, "Ta lẹ ń ṣiṣẹ́ fún?" Bó bá ní kí ẹ mú tiyín wá, ẹ mú un wá. Ṣùgbọ́n èyí tó jù ni pé kí ẹ má fi òfin lé ẹni tó pọ̀n yín jáde. Òfin kò ní ẹ̀yìn tó lè fi pọ̀n yín lọ́jọ́ tó bá kàn yín. Ẹni tó bá da eérú leérú ń tọ̀.