Ohun Tó Há Ilẹ̀kùn Mummy

Ilẹ̀kùn náà kò wọlé tán mọ́.

Kàbírù fúnra rẹ̀ ló ṣe é sí yàrá ìyá rẹ̀ ní Peckham, irú èyí tó ń yọ̀ wọnú ògiri, kí wheelchair Mummy lè ráyè kọjá.

Ó ti nu irin òkè. Ó ti pààrọ̀ táyà kéékèèké tó gbé e. Ó ṣì ń há.

"Daddy Bàrákàt, ẹ ṣe kíá, àwọn èèyàn ti ń bọ̀!" Ìyàwó rẹ̀ nìyẹn, láti kíṣìnnì.

Ó tú pákó ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò tí ilẹ̀kùn ń yọ̀ wọ̀.

Oògùn ọkàn Mummy ni. Hóró funfun, òkìtì kan.

Nọ́ọ̀sì ti wí i fún un títí: "Ẹ ní kí wọ́n la ẹnu, kẹ́ ẹ rí i pé wọ́n gbé e mì."

Inú bí Kàbírù nígbà náà. "Èmi? Kí n ní kí ìyá tó bí mi la ẹnu bí ọmọ ọwọ́?"

Láràárọ̀, á fún wọn lóògùn, á gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Mummy, ṣé ẹ ti lò ó?"

"Mo ti lò ó, ọkọ mi."

Kàbírù kó gbogbo rẹ̀ sínú fìlà rẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn yọ̀ wọlé wẹ́rẹ́.

Bẹ́ẹ̀lì dún. Àwọn Alfa ti dé fún fìdáù ọjọ́ kẹjọ Mummy.