Ijó Tí Kò Lóhùn

"Ta nìyí?" Ọ̀gá àwọn sìkiọ́rítì nàka sí fídíò tó wà lójú kọ̀ǹpútà.

Sìkiọ́rítì tó dúró níwájú rẹ̀ wò ó. Òun fúnra rẹ̀ ló ń jó níbẹ̀, nísàlẹ̀ ilé gogoro kan ní Al Majaz nítòsí Dubai, táwọn ayálégbé ti sá kúrò látìgbà tọ́rọ̀ ajé Dubai ti dẹnu kọlẹ̀.

"Èmi ni, sà."

"Orin dà? Kámẹ́rà yìí ò lóhùn."

"Orin tẹ́kínò, orin onílù ẹ̀rọ tá a máa ń jó ní Sùúrùlérè nígbà ọ̀dọ́ wa. Inú orí mi ló ti ń dún."

"Kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ kí iléeṣẹ́ má baà lé ẹ lẹ́nu iṣẹ́."

"Mi ò ní bẹ̀. Kí wọ́n lé mi, khalas, ó parí. Ilé ló ṣófo, èmi ò ṣófo."

Ọ̀gá tún fídíò náà wò. Ó dìde, ó ti ilẹ̀kùn.

"Ẹsẹ̀ ọ̀tún lo kọ́kọ́ gbé," ó ní, bó ṣe ń bọ́ bàtà rẹ̀. "Òsì la máa ń kọ́kọ́ gbé ní Sùúrùlérè."