Ẹni Tó Ń Wádìí Àìsàn Ilé Àjíkẹ́

Aládùúgbò kan ló ta Àjíkẹ́ lólobó pé obìnrin àgbàlagbà kan láti Daagbé ń béèrè lọ́jà bóyá àìsàn wà nínú ìdílé wọn. Inú Àjíkẹ́ dùn. Ní Banigbé, ìlú wọn, ẹni tó bá fẹ́ fi ọmọbìnrin fún ilé kan ló máa ń wádìí bẹ́ẹ̀, Rachad ọmọ rẹ̀, tíṣà ní kọ́lẹ́jì, sì ti lé lọ́gbọ̀n ọdún láìmú ìyàwó wálé.

Kí obìnrin náà tó dé, Àjíkẹ́ ti pa adìẹ, ó sì ti ti Faridatou àbíkẹ́yìn rẹ̀ mọ́ yàrá. Bí nǹkan bá ha Faridatou lára díẹ̀, omi á kó sábẹ́ awọ rẹ̀, awọ á sì bó.

Àjíkẹ́ sọ̀rọ̀ oko ọ̀pẹ, ó sọ̀rọ̀ alùpùpù tuntun Rachad. Àlejò kàn ń mi orí.

"Àìsàn ńkọ́?"

"Kò sí o, màmá. Gbogbo wa le koko."

Ojú àlejò rẹ̀wẹ̀sì, ó sì fa àpò rẹ̀ mọ́ra, ó dìde. Àjíkẹ́ rò pé adìẹ ni kò láta tó.

Òórùn adìẹ yìí kan náà ló fa Faridatou jáde láti ojú fèrèsé, báńdéèjì lọ́wọ́, inú aṣọ rẹ̀ lóde. Àlejò tún jókòó.

"Ta ló ní kó wọ aṣọ báyìí?" ni àlejò béèrè.

"Èmi ni," ni Rachad tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ wí. "Ojú ìrán aṣọ ló máa ń ha á."

Ó bá sọ pálọ̀ di kíláàsì. Ó ní àwọn purotéènì kan ló ń so sẹ́ẹ̀lì ara mọ́ra bí sìmẹ́ǹtì ṣe ń so bíríkì, pé àwọn ló ń mú ọmọ dúró bó ṣe ń di ènìyàn nínú oyún. Ti awọ Faridatou ni kò lágbára. Kì í ràn, kì í ṣe èpè. Àjíkẹ́ tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀.

"Ìyá Rachad, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́," ni àlejò wí.

Ó béèrè bí wọ́n ṣe ń wẹ ọmọ náà àti ìpara tí wọ́n ń fi pa á. Faridatou fúnra rẹ̀ dá a lóhùn pé òun ti pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, òun sì mọ ìwé ju Moubarak ọmọ kíláàsì òun lọ. Obìnrin náà nu omijé ojú. Àjíkẹ́ gbà pé ìyàwó Rachad ti bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ó sìn ín dé ojú ọ̀nà, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kò sí àìsàn lára Rachad, kó má tìtorí èyí fi ọmọ wọn dù ú.

Obìnrin náà wò ó tìyanutìyanu, ó ní ọmọ-ọmọ òun tó wà nílé kò tíì mọ̀ ọ́n jókòó, láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i ni awọ ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń bó, gbogbo Daagbé sì ti ní kò sí ẹni tó ní irú rẹ̀ tó dàgbà rí, òun wá wò bóyá lóòótọ́ ni ọ̀kan wà nílé yìí.