Ọmọláńgidi Ìbídùn

Láti ibí dé òṣùpá, kò sẹ́ni tó mọ eré ọmọdé ṣe tó èmi Làísì. Ìbídùn, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, pé ọdún mẹ́rin, kò sọ̀rọ̀ rí. Kí ló fẹ́ fi ẹnu ṣe? Ilé ọlọ́gbọ́n wọn, tó ń fi ẹ̀rọ ronú fúnra ẹ̀, ti ń gbé omi fún un kí òùngbẹ tó gbẹ ẹ́. Bí òní bá kọjá tí kò tíì sọ̀rọ̀, ìjọba máa ki ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀ bọ ọ̀fun ẹ̀. Ni ẹ̀gbọ́n mi bá sáré pè mí.

Mo ní ká ṣe eré ìyá ọmọ. Mo pọn ọmọláńgidi ẹ̀, mo ń jó kiri.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ ti dorí ẹ̀ kodò! Ẹ gbé ọmọ mi fún mi!" Ìbídùn ló kígbe bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́kún. Ilé ti na ọwọ́ irin láti bá a gba ọmọláńgidi náà. Mo gbá ọwọ́ náà dànù, mo kọjú sí Ìbídùn.

"Mi ò gbọ́, ìyá ọmọ. Ẹ tún un wí."