Béèsì Walter àti Ẹ̀rọ Oníbátìrì

Ìtàn yìí kò ní gùn. Mo gbé ọwọ́ sókè, mo sì ṣèlérí. Ẹni tó bá ti gbé omi ẹ̀bà kaná kó dúró gbọ́ ọ, a ó ti parí kó tó hó.

Walter, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì ní Ìjẹ̀bú-Òde, ń wá ẹ̀rọ agbóhùnsókè tó máa bá gìtá béèsì rẹ̀ mu. Gìtá náà kì í ṣe irú pẹlẹbẹ tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń gbé kọ́rùn. Onígi ni, ó níkùn, ó sì ní ihò láàárín. Ohùn rẹ̀ rinlẹ̀, ṣùgbọ́n kò ròkè: bí wọ́n bá ti lu ìlù kan ṣoṣo ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò sẹ́ni tó tún máa gbọ́ ọ, títí kan ẹni tó gbé e lé itan.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni àrùn rọpárọsẹ̀ mú un lápá ọ̀tún. Nígbà tó padà sídìí gìtá, ẹnu ya gbogbo ìjọ.

"Dádì, béèsì yín tún dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ," ni Simeon wí, ẹni tó ń mójú tó ẹ̀rọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ayọ̀kúnmi tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù sọ bẹ́ẹ̀. Àlùfáà náà sọ ọ́, lórí pẹpẹ. Walter ní òrí tí Edith ìyàwó òun fi ń ra òun lápá ni. Edith fi kún òrí náà.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò gbà. Mùsílíù, aládùúgbò rẹ̀, tí wọ́n jọ ṣe kékeré, kì í wá sí ṣọ́ọ̀ṣì.

"Walter, ọwọ́ tí ò lè de bọ́tìnì ẹ̀wù, òun ló ń ta gìtá?"

"Wá síbi ìkórè wa, kó o fi etí ara ẹ gbọ́."

"Màá wá. Màá wẹ etí mi dáadáa."

Láti ọjọ́ náà ni Walter ò ti sùn dáadáa mọ́. Kò sí ìkórè tí wọn kì í mú iná lọ. Lọ́dún tó kọjá, àárín orin ni wọ́n mú un: kíbọ́ọ̀dù kú, béèsì kú, ó ku ìlù àti àtẹ́wọ́ títí wọ́n fi fa jẹnẹrétọ̀.

"Kíbọ́ọ̀dù lẹ́tọ̀ọ́ àtikú," ni Walter wí. "Iná ló ń jẹ. Igi ni tèmi. Ẹ̀rọ oníbátìrì ni màá rà. Bí iná bá lọ, béèsì nìkan ni Mùsílíù máa gbọ́."

Simeon àti Ayọ̀kúnmi wá bá a nílé, wọ́n dọ̀bálẹ̀.

"Dádì, ẹ má ra oníbátìrì," ni Simeon wí. "Bátìrì máa ń já èèyàn kulẹ̀."

"NẸ́PÀ ńkọ́? Òun kì í já wa kulẹ̀?"

"Èyí tó ń lo iná nìkan fúyẹ́, sà," ni Ayọ̀kúnmi wí. Ilẹ̀ ló ń wò.

Walter ní ìlara àwọn ọmọdé nìyẹn.

Ó gbé gìtá rẹ̀ wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Òkè-Ajé, sọ́dọ̀ Haneef tó ń ta ohun èlò orin. Haneef gbé ẹ̀rọ kékeré kan síta. Ẹ̀rọ náà ń húkọ́ bí àgbà tí otútù mú. Haneef tún gbé ńlá kan. Bó ṣe yí i sókè báyìí, gìtá bẹ̀rẹ̀ sí í hu.

"Ikùn rẹ̀ ló ń gba ohùn padà, sà. Onígi ò fẹ́ ariwo lójú." Ó fi rọ́bà dí ihò gìtá náà, ó gbé ẹ̀kẹta wá, oníbátìrì, tó fẹ̀ lẹ́nu, tó sì ní bọ́tìnì tó ń pa híhu. "Ẹ ta á wò, sà."

"Ìwọ ta á. Ẹni tó wá rajà kì í jó láàárín ọjà."

Walter sọdá gọ́tà, ó káwọ́ sẹ́yìn. Haneef ta á. Ohùn náà gba abẹ́ bàtà wọlé.

"Èyí ni," ni Walter wí.

Lọ́jọ́ ìkórè, wọ́n gbé ẹ̀rọ náà sẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Simeon ò jẹ́ kí ẹlòmíì fọwọ́ kan wáyà. Òun ló so ó mọ́ ẹ̀rọ, òun ló yí bọ́tìnì ohùn, ó sì fi sẹlotéèpù lẹ̀ ẹ́ pinpin.

"Kó má baà hu ni, Dádì. Ẹ má fọwọ́ kàn án o."

Iná kékeré aláwọ̀ ewé tàn lára ẹ̀rọ. Mùsílíù jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Edith ní ìlà kejì, ó kọ́wọ́ láyà. Orin bẹ̀rẹ̀. Béèsì yí gbirigbiri gba abẹ́ àga kọjá. Atẹ́gùn fáànù gbé ìwé orin Ayọ̀kúnmi. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbá a mú, ọwọ́ òsì rẹ̀ ò kúrò níbi tó wà. Béèsì ò dá. Ní ẹsẹ kejì, orí Mùsílíù ti ń mì. Ó tẹ̀ sétí Edith.

"Ìyàwó wa, mo jẹ̀bi."

Edith ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Ní ẹsẹ kẹta, wọ́n mú iná lọ. Walter rẹ́rìn-ín. Ó ti ń retí rẹ̀. Ó wo Mùsílíù lójú, ó sì fi àtàńpàkò ta okùn tó nípọn jù.

Nítorí náà, bí ẹ bá pàdé Walter, tó bá ní bátìrì ló já òun kulẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ dákun, ẹ bá a gbà á bẹ́ẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kó ti ẹnu yín jáde pé iná bátìrì ń tàn, àtàńpàkò rẹ̀ ń ta okùn, ṣùgbọ́n orí òdo ni Simeon lẹ bọ́tìnì ohùn rẹ̀ mọ́, kíbọ́ọ̀dù ló kú, béèsì tó ti ń jáde lábẹ́ ọwọ́ òsì Ayọ̀kúnmi láti ọdún mẹ́ta sì bá a kú.