Òrí Tí Ó Dì Sí Imú Pẹ̀lẹ́

Ẹ súnmọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ, kí ẹ sì fara balẹ̀, nítorí ìtàn yìí kò ní ẹ̀rín púpọ̀ nínú. Ní ìlú Ẹ̀pẹ́, ní àdúgbò kan tí ó kọjú sí ọ̀sà, ni Bàbá Odùgbẹ̀san ń gbé. Ọgbọ̀n ọdún ni ó fi pín oògùn ní ilé ìwòsàn kí ó tó fẹ̀yìn tì, àwọn aládùúgbò sì ń pè é ní Bàbá Dókítà. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Àbùkù kan ṣoṣo ni ó ní: kò lè bi ẹnikẹ́ni léèrè ohun tí òun kò mọ̀.

Ẹfúnyẹmí, ìyàwó rẹ̀, ti kú. Ohun ẹlẹ́mìí kan ṣoṣo tí ó fi sílẹ̀ sínú ilé náà ni ìjàpá odò kékeré kan tí ó ti ń sìn fún ọdún mọ́kànlá, tí ó sọ ní Pẹ̀lẹ́. Ní àràárọ̀, Ẹfúnyẹmí a gbé ọpọ́n rẹ̀ síta, a pààrọ̀ omi, a sì gbé òkúta kan sí àárín rẹ̀ kí Pẹ̀lẹ́ lè gùn ún láti yá oòrùn. Ẹja wẹ́wẹ́ àti ewé tútù ni ó fi ń bọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ tí ó sọ gbẹ̀yìn lórí ibùsùn àìsàn ni pé, "Bàbá Bánkẹ́, ẹ bá mi tọ́jú Pẹ̀lẹ́."

Bàbá fẹ́ràn ẹran náà tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n ó ń bẹ̀rù kí olè má baà jí i, ó sì gbé e wọ pálọ̀, sínú àwo gíláàsì ńlá kan, níbi tí oòrùn kò dé. Búrẹ́dì ni ó ń bù fún un. Nígbà tí ọyẹ́ dé, ojú Pẹ̀lẹ́ wú, ó dì pinpin, kò sì jẹun mọ́. Bàbá ní ààwẹ̀ ni ó ń gbà.

Ní ọjọ́ kan, Rísíkátù, aládùúgbò rẹ̀ tí ó ń yan ẹja, wá kí i. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ àwo náà, ó sì wò ó pẹ́.

"Bàbá Dókítà, ẹ̀gbẹ́ kan ni Pẹ̀lẹ́ fi ń léfòó o, bí ọkọ̀ tí omi ti wọ̀. Ẹnu ni ó fi ń mí, imú rẹ̀ sì ń hó. Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran."

"Òfìnkìn lásán ni. Rísíkátù, ẹja yíyan ni iṣẹ́ tìrẹ, oògùn ni tèmi."

"Ẹ má bínú, sà. Ẹja tí mo ń yan náà, mo máa ń wo ojú rẹ̀ kí n tó rà á. Ojú èyí kò dára."

"Ìwọ náà ti di dókítà! Lọ wo iná rẹ, kí ẹja má baà jóná."

Nígbà tí ó lọ tán, Bàbá mú òrí, ó sì fi kun imú Pẹ̀lẹ́, bí ìyá Bàbá fúnra rẹ̀ ti máa ń ṣe fún un nígbà tí Bàbá wà ní kékeré. Ṣùgbọ́n òrí a máa yọ́ lára ọmọ ènìyàn nítorí pé ara ọmọ gbóná. Ara Pẹ̀lẹ́ tutù bí omi inú àwo rẹ̀. Òrí náà dì sí ihò imú kéékèèké méjèèjì.

Ọjọ́ mẹ́ta ni ó fi kùn ún. Ní ọjọ́ kẹta, Pẹ̀lẹ́ na ọrùn sókè, ó ń wá èémí. Bàbá dìde, ó lọ títí dé ẹnu ọgbà Rísíkátù, ó rí èéfín ẹja rẹ̀, ojú sì tì í. Ó padà sílé láìbi í léèrè ohunkóhun.

Ọjọ́ kẹrin ni ó tó gbé Pẹ̀lẹ́ lọ. Dókítà ẹran, obìnrin kan tí kò ju Bánkẹ́ ọmọ Bàbá lọ lọ́jọ́ orí, fi òwú nu imú Pẹ̀lẹ́, ó sì rọra tẹ ìkarahun rẹ̀. Ìkarahun náà tẹ̀ wọlé.

"Bàbá, láti ìgbà wo ni ojú rẹ̀ ti wú?"

"Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

Obìnrin náà mí kanlẹ̀. "Oòrùn àti oúnjẹ gidi ni kò rí, sà, ara rẹ̀ ò lágbára mọ́. Àìsàn ti wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, à bá ti rí nǹkan ṣe sí i."

Ó gún un ní abẹ́rẹ́ síbẹ̀. Kí Bàbá tó dé ilé, Pẹ̀lẹ́ ti kú sí i lọ́wọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá gbé ọpọ́n Ẹfúnyẹmí síta. Ó pọn omi tuntun sí i, ó gbé òkúta sí àárín rẹ̀, ó sì jókòó tì í. Kò sí ohun tí ó gùn ún. Rísíkátù ń kọjá lọ.

"Ẹ kú àárọ̀, Bàbá Dókítà."

"Rísíkátù, jọ̀ọ́, má pè mí ní dókítà mọ́."

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀kọ́ tí ìtàn yìí kọ́ wa ni pé ìfẹ́ nìkan kò tó láti fi wo ohun tí a fẹ́ràn sàn. Ẹran kò lè ké pe ẹnikẹ́ni. Ara rẹ̀ ni ó fi ń sọ̀rọ̀. Bí ojú rẹ̀ bá wú, bí ó bá kọ oúnjẹ, bí ó bá ń léfòó ní ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ tètè lọ bá ẹni tí ó mọ̀, kí ẹ má sì jẹ́ kí ojú tì yín láti sọ pé, "Mi ò mọ̀ ọ́n." Gbólóhùn kúkúrú yẹn ni ì bá gba ẹ̀mí Pẹ̀lẹ́ là.