Oúnjẹ Iyùn

Ọmọbìnrin náà ń kán oògùn sínú ìgò ìdánwò títí omi inú rẹ̀, tó pupa rẹ́súrẹ́sú, fi di búlúù. Ó wò ó, ọ̀rọ̀ náà rú u lójú. Kálísíọ̀mù pé, kò dín rárá, bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ pé láti ìjẹta lòun ti gbàgbé láti bù ú sí i.

Nínú àpótí gíláàsì ńlá tó wà ní pálọ̀ bàbá rẹ̀ ni iyùn òkun ń gbé, iyùn tó ṣì wà láàyè, tó ń là bí òdòdó. Kálísíọ̀mù ni wọ́n fi ń mọ egungun ara wọn. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń jẹ ẹ́ nínú omi, ojoojúmọ́ lẹnìkan sì gbọ́dọ̀ dá a padà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọn á ṣá, wọn á kú. Látìgbà tí ìyá ti kú ni iyùn yìí ti di alábàárò bàbá. Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ wá dá a dùbúlẹ̀, ọmọbìnrin gbààyè níbi iṣẹ́, ó fi ọkọ sílé nílùú tó jìnnà, ó wá ń tọ́jú bàbá àti iyùn pọ̀.

"Iyùn mi ńkọ́?" Bàbá ké láti inú yàrá.

"Wọ́n wà dáadáa, sà."

"O ò gbàgbé láti bọ́ wọn?"

"Rárá o, sà." Ojú ara rẹ̀ tì í.

Nírọ̀lẹ́, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin yà láti ibi iṣẹ́. Ọmọbìnrin fà á sí kọ̀rọ̀.

"Ṣé ìwọ lò ń bu kálísíọ̀mù sómi?"

"Èmi kẹ̀? Èmi tí òdòdó oníke gan-an kú mọ́ lọ́wọ́? Bóyá iyùn yín ń gbààwẹ̀ ni."

Kò rẹ́rìn-ín. Bàbá ti kọ́ ọ pé láàárọ̀ ni kálísíọ̀mù, lálẹ́ ni sódà tó jẹ́ oúnjẹ wọn kejì. Ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, omi á funfun bíi mílíìkì, ohun tó bù á sì ṣòfò. Àbúrò yìí ò mọ̀yẹn. Omi sì mọ́ kedere. Síbẹ̀ kò fọkàn tán an. Ó gbé ike kálísíọ̀mù sórí kọ́bọ́ọ̀dù, níbi tóun fúnra rẹ̀ ní láti nàgà kọ́wọ́ òun tó tó o.

Lọ́jọ́ kejì, ó mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ láti bu nǹkan kan. Kálísíọ̀mù tún pé. Ẹ̀rù bà á. Òkú kì í jẹun. Àbí iyùn bàbá ti kú ni? Ó tẹjú mọ́ wọn títí wọ́n fi là.

Ọkọ rẹ̀ pè é lórí fóònù lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

"Ìyàwó mi, ọ̀gá yín ní bó ò bá wọlé ní Mọ́ńdè, kó o má wọlé mọ́. Ẹni tó ń wọ́ ẹsẹ̀ bàbá ńkọ́? Ṣebí ó ní bàbá yóò tún rìn?"

"Bàbá ní kó má wá mọ́. Wọ́n ní ó ń dun àwọn."

Ó wọlé lọ sọ fún bàbá pé òun ń padà.

"Máa lọ, ọmọ mi. Ilé ọkọ kì í ṣe ibi àfiṣeré. Àmọ́ bó o bá lọ, ta ni yóò máa bọ́ wọn?" Ó kọjú sí ògiri.

Àánú rẹ̀ ṣe é dé egungun. Ó dúró síwájú àpótí gíláàsì, ó pe ọ̀gá rẹ̀.

"Ẹ má bínú, mà. N ò padà mọ́. Bàbá mi ò lè fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ mọ́ láéláé."

Ẹkún gbọ̀n ọ́n. Ó gbé ike kálísíọ̀mù náà sọ̀ kalẹ̀ kó lè wò ó bóyá ó ń dín, ọwọ́ rẹ̀ yọ̀, ìyẹ̀fun sì dà yí ká ìdí àpótí náà. Kò lágbára àtigbá a. Ó dá ike padà sókè, ó lọ sùn.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lọ bá bàbá bó ṣe máa ń ṣe. Ó nu ojú rẹ̀, ó nu ọwọ́ rẹ̀.

"O ò lọ mọ́, àbí?"

"N ò lọ mọ́, sà."

"Ọlọ́run á san án fún ẹ."

Ó ká bùláńkẹ́ẹ̀tì kúrò lẹ́sẹ̀ bàbá láti nù ún, ìyẹ̀fun funfun sì lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, láti gìgísẹ̀ dé ọmọ ìka.